Èyí Tó Lọ́ra Ló Ń Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Hema, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Delhi? Ọkọ rẹ ńkọ́, Nanda ọmọ ọwọ́ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀? Òrìṣà orí òkè wa kò ní gbójú kúrò lára yín. Àwa wà, òtútù nìkan ló ń bá wa jà. Màlúù dúdú ti bí, abo ló bí, bàbá rẹ ní ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ.

Ojú bàbá rẹ ni kò dáa, Hema. Awọ funfun yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán, dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bí abẹ bá lọ bà á jẹ́ ńkọ́, àfi kí àwọn kọ́kọ́ rí ojú Nanda ná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí Harak tó ń tún wáyà tẹlifóònù ṣe, pé kó wá fa íńtánẹ́ẹ̀tì wá sílé, kí fóònù tí o rà fún wa lè rí nǹkan jẹ.

Ó ní oríṣi méjì ló wà, inú wáyà bàbà kan náà ni méjèèjì ń gbà. Ọ̀kan ń sáré bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kúrò nídìí àpótí tẹlifóònù tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù onítíì nísàlẹ̀, agbára rẹ̀ á tán kó tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa. Ìkejì lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń dé. Mo ní kí èyí tó yára máa mu tíì rẹ̀ níbẹ̀, kó fún wa ní èyí tó lọ́ra. Mo tiẹ̀ ràn án lọ́wọ́, mo bó awọ ara wáyà náà, mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń fọ ìkòkò bàbà wa, ó ń dán yanranyanran. Harak pariwo, ó ní ṣé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi wáyà sè ni. Ọjọ́ méjì ló fi tún un ṣe.

Nígbà tí o pè lánàá, Nanda yọ lójú fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dúró gbagidi. Kò mira, kò ṣẹ́jú. Mo ní háà, ọmọ yìí mà ní ẹ̀kọ́ o! Harak ń bẹ̀ wá pé ká má bínú, wáyà ló lọ́ra, òun á pa fóònù náà kóun tún un tàn. Bàbá rẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n sún mọ́ ọn títí imú wọn fi kan gíláàsì, wọ́n ń wá ojú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀, imú, ètè, títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní àgbọ̀n ìyá àwọn gan-an nìyí. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á lọ fún abẹ náà. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ àti ti oògùn ojú ránṣẹ́. Èyí tó bá kù, má fi wá íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára fún wa, ẹ fi wọ bọ́ọ̀sì. Bó lọ́ra, ẹ ṣáà máa bọ̀. Ọ̀nà á là fún yín, òkè ò ní rẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú aṣọ kúrò lójú bàbá rẹ, Nanda ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí, kó sì máa mira.

Èmi ìyá rẹ,
Khimuli