Ìbéèrè Ìkẹyìn Lórí Òkè Oníná

Bàbá mi àtàtà,

A ti já àlọ́ yín. Ẹ ti lọ kí a tó já a, ṣùgbọ́n a ti já a.

Bọ́sẹ̀ àbúrò mi ló fa gbogbo rẹ̀. Òun ló fi eré yẹn sórí fóònù yín nígbà tí ẹsẹ̀ dídùn kò jẹ́ kí ẹ lè lọ sódò mọ́, eré tí àwọn èèyàn ti ń fi ike kékeré onídèérí pamọ́ síbì kan, tí wọ́n á fi nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ sórí fóònù kí ẹni tó bá fẹ́ lè wá a lọ. A rò pé ẹ ò ní kà á sí. Àfi bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tiro kiri Ṣómólú, láti Fádèyí dé Ọbáníkòró, tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tí àwọn èèyàn ń rò pé kọ́kọ́rọ́ yín ló sọnù.

Lẹ́yìn náà lẹ fi tiyín pamọ́. Ẹ ò fi nọ́ńbà ibẹ̀ hàn bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Àlọ́ lẹ fi dè é, gbogbo rẹ̀ lórí òkè oníná tó wà létí òkun ní Kamẹrúùnù, níbi tí ẹ ti pẹja nígbà ọ̀dọ́ yín. Báwo ló ṣe ga tó? Ọdún wo ni iná rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ tó gé títì létí òkun? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní díẹ̀ nínú nọ́ńbà ibi tí ike wà. Ìyẹn rọrùn, ó wà nínú ìwé. Ìbéèrè ìkẹyìn ni kò sí nínú ìwé kankan: èèyàn mélòó ló padà nínú ọkọ̀ wa?

Inú bí àwọn tó ń ṣe eré náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrẹ́jẹ ni. Èmi náà bi yín, ẹ ní kí n jẹ oúnjẹ mi kó má baà tutù. Kí ló dé tí ẹ béèrè ohun tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀? Àbí ẹ fẹ́?

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ́sẹ̀ ní ká lọ bá Bàbá Mojí, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ti Ìlàjẹ wá, tó ṣì ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà ní Bàrígà. Mo ka ìbéèrè náà fún wọn. Wọ́n gbé àwọ̀n sílẹ̀.

"Méjì," ni wọ́n wí. "Èmi àti bàbá yín. Márùn-ún la lọ."

Wọ́n ní ìjì ló bá yín lábẹ́ òkè náà tó dojú ọkọ̀ dé. Ẹ fi ọwọ́ kan di pákó mú, ẹ fi èkejì di àbúrò yín mú.

"Mo sọ fún un pé ọmọ náà ti kú. Kò gbọ́. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tá a gúnlẹ̀, èmi ni mo ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n wá pe orúkọ àbúrò yín. Bọ́sẹ̀ yíjú wò mí. Orúkọ mi ni.

Ẹ ò sọ fún wa rí pé ẹ ní àbúrò.

Ìdáhùn yẹn ló mú wa dé ibi tí ike wà, nínú ihò kan lára òpó símẹ́ńtì àtijọ́ tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ létí omi, kò jìnnà síbi tí Bàbá Mojí ń jókòó sí. Bọ́sẹ̀ ló kiwọ́ bọ̀ ọ́. Iyanrìn ló wà nínú ike náà, ó dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Mo ṣe bí ìdọ̀tí ni, mo fẹ́ gbọ̀n ọ́n sómi.

"Má dà á nù!" Bàbá Mojí ti dìde. "Orí sàréè ọmọ yẹn ní Kamẹrúùnù ni bàbá yín ti bù ú. Bí iyanrìn etíkun ibẹ̀ ti rí nìyẹn, òkúta iná òkè náà ló rún di iyanrìn."

Òfin eré náà ni pé kí ẹni tó bá rí ike dá a padà. A ò dá a padà. Bọ́sẹ̀ ti yọ àlọ́ náà kúrò lórí fóònù. Ojú fèrèsé mi ni iyanrìn náà wà báyìí. Ìyàwó mi ní kí n gbé e kúrò nílé, n ò sì mọ ibi tó yẹ kí n gbé e lọ.

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni bí ẹ ṣe máa ń pè mí wálé nírọ̀lẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó wá máa wo ọ̀nà lẹ́yìn mi, bẹ́ẹ̀ mo ti ń sáré bọ̀. Mo máa ń rò pé ẹ ń bínú ni. Mo máa ń dáhùn, Bàbá. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń dáhùn. Ta lẹ ń pè?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń jẹ́ orúkọ náà.