Ojúlé Mẹ́fà Tí Mo Kà Fún Ọkọ̀ Pupa

                                        Ilé Ìyá Eugénie,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Sakété.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Ọmọ bàbá mi, Euloge ọ̀wọ́n,

O kú ọyẹ́, o kú iṣẹ́, o kú àtijọ́. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ ní iṣẹ́ fìríìjì ti ń jẹ́ kí o fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àbí omi ló ṣì ń rán ẹ? Ṣé ikọ́ tó ń dà ẹ́ láàmú lóṣù tó kọjá ti lọ? Gbogbo wa níhìn-ín wà láàyè. Ìyá wa àgbà ní Pobè ń kí ẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rárá.

Mo mọ̀ pé o ti dí nọ́ńbà mi pa. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo pè ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi gègé kọ èyí, tí mo sì fi í rán awakọ̀ tó ń ná Parakou. Bí o bá fà á ya kí o tó kà á, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sylvain ló kọ́kọ́ ròyìn fún ẹ, o sì mọ àbúrò mi, kì í sọ̀rọ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwọ náà mọ̀, kí o lè rí i pé n kò fo ohunkóhun.

Nígbà tí bàbá rẹ, Tọ́ńtọ́n Dominique, bá ẹ̀rọ géèmù àwọn ará Japan yẹn nínú ẹ̀yìn ọkọ̀ àlòkù tó rà ní Cotonou, àwa ọmọ ilé mẹ́rin ló pè: ìwọ, èmi, Sylvain àti Hortense. Kàsẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, a kò sì mọ lẹ́tà kan nínú ohun tí wọ́n kọ sí i. A kàn rí i pé bíi lúdò ni: o máa tẹ mànẹ́ẹ̀tì, ohun ìdarí tí a ń dì mọ́wọ́, nọ́ńbà á yí, ọkọ̀ rẹ á máa rìn ní ojúlé ojúlé láti ìlú dé ìlú. Àwa la sọ àwọn ìlú náà lórúkọ. Èyí tó ní ọsàn ni Issaba, èyí tó ní òkè ni Igana. Ìlú ńlá tí òrùlé rẹ̀ ń dán bíi wúrà, níbi tí eré ti ń parí bí ọkọ̀ bá bọ́ sí i gẹ́lẹ́, la pè ní Takon, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti lọ fẹ́ màmá rẹ. Bàbá ní ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dúró ní Takon ni yóò ni ẹ̀rọ náà, àti pé kò ní í torí pé ìwọ jẹ́ ọmọ rẹ̀ fi tì ẹ́ síwájú. Ó kú, eré kò tíì parí. Àwọn àgbà pín aṣọ rẹ̀, wọ́n pín ọkàdà rẹ̀, wọn kò pín ẹ̀rọ. Wọ́n ní bó ṣe wí ni kó rí.

Nígbà tí o ń lọ sí Parakou, èmi lo fi ọkọ̀ pupa rẹ sí lọ́wọ́, bí a ṣe ń yọ oúnjẹ ẹni tí kò sí nílé sọ́tọ̀. O ní, "Ládiípọ̀, ìwọ lo máa ń ronú kí o tó ṣe nǹkan." Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lára báyìí.

Ọjọ́ kejì ọdún tuntun ni, ní ọ̀sán. Mo ti wá sílé ní Pobè fún ìsinmi ilé-ìwé. Èsì ìdánwò mi àkọ́kọ́ kò dára, mo sì ń wá ohun kan, ohun kékeré kan, tí ọwọ́ mi lè ṣe yanjú. Láti àárọ̀ ni ìyá wa àgbà ti ń ní kí n bá òun ka ọjọ́ tí ọjà Pobè yóò bọ́ sí, nítorí gàrí rẹ̀. A jọ ń kà á bó ṣe máa ń kà á, tí òní náà wà nínú rẹ̀: òní ni ení, ọ̀la ni èjì, ọ̀túnla ni ẹ̀ta.

Ọkọ̀ pupa rẹ ló ṣíwájú. Káàdì inú eré tí a ti ń tọ́jú fún ẹ láti oṣù kẹjọ ṣì wà níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn yan nọ́ńbà tó bá wù ú. Hortense ní, "Ó tán. Euloge ti gba ẹ̀rọ bàbá rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé, kà á dáadáa o, má kà á bí ẹ ṣe ń ka ìwé yín."

Mo kà á sínú. Ojúlé tí ọkọ̀ rẹ dúró lé, ení. Èyí tó tẹ̀ lé e, èjì. Takon bọ́ sí ẹ̀fà. Mo yan mẹ́fà.

Euloge, ẹ̀rọ kì í ka ojúlé tí èèyàn dúró lé. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Márùn-ún ló yẹ kí n yàn. Ọkọ̀ rẹ wọ Takon, ó gba inú rẹ̀ kọjá, ó lọ dúró ní ojúlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkọ̀ búlúù tèmi ló kàn. Ẹ̀yìn tìrẹ gan-an ló ti ń bọ̀, ó ku ojúlé mẹ́fà kó dé. Mo tẹ mànẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà yí, ó yí, ó dúró lórí mẹ́fà.

Orin àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọkọ̀ mi ti dúró ní Takon. Nígbà náà ni Sylvain ní, "Ẹ̀gbọ́n mi mọ tara rẹ̀ í kà."

Mo ní, "Mi ò ka tèmi, ṣebí ó yí ni."

Hortense ní, "Òun náà ni mo ń wí. Ti ẹlòmíràn lo kà, ti ẹlòmíràn ló sì bàjẹ́."

Lọ́jọ́ kejì mo di ẹ̀rọ náà sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e lọ bá màmá rẹ. Tàńtí Berthe kò jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ládiípọ̀, ọkọ mi ní ẹni tó bá dúró ní Takon. Ìwọ lo dúró níbẹ̀. Ṣé kí ọmọ mi wá máa gba ohun ìní bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ bí ìtọrẹ ni?" Wọ́n fún mi ní omi, mo mu ún, wọ́n sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Sakété níbí ni ẹ̀rọ náà wà báyìí, lábẹ́ ibùsùn mi. Innocent, tí a jọ ń gbé yàrá, ní kí a tàn án. Mo ní ó ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Mo ti ya àwọn ojúlé yẹn sínú ìwé, mo ti kà wọ́n títí, márùn-ún ni wọ́n ń jẹ́ nígbà gbogbo. Mo ń fi ìyá wa àgbà ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n obìnrin arúgbó yẹn kò ṣi ọjọ́ ọjà kà rí.

Ohun kan wà tí Sylvain kò lè ròyìn fún ẹ, nítorí kò rí i. Mo lè búra pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ rẹ kọjá Takon, kí n tó banújẹ́, inú mi dùn. Kò pẹ́, kò tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn, Euloge, mo sì ti tẹ tèmi kí ayọ̀ náà tó kúrò lára mi. Bí o bá fẹ́ bínú, èyí ni kí o bínú sí. Má bínú sí mẹ́fà.

Bá mi kí ọ̀gá rẹ àti àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́. Tọ́jú àyà rẹ nínú ọyẹ́ yìí. N kò bèèrè èsì.

                                        Èmi ni, tìrẹ síbẹ̀, bí o bá ṣì gbà mí,
                                        Ládiípọ̀.