Ibi tí Bàbá Yun ti Padà Jẹun

                                        418 Hollow Pine Way,
                                        Lilburn, Georgia,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Sìlífátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara rẹ? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Tasneem ti parí ìdánwò rẹ̀? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ lásìkò òjò ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ ilé ìwé o, ẹ sì kú ìmúra ọ̀gbẹlẹ̀. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo ilé yín nínú àlàáfíà.

Má bínú pé o kò gbọ́ ohùn mi láti oṣù kẹjọ. Nígbà tí mo bá fi máa rí i pé o pè, ẹ̀yin ti sùn lọ́dọ̀ yín. Tí mo bá sì ní kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù fi ránṣẹ́ sí ọ, oorun á gbé mi lọ kí n tó sọ gbólóhùn méjì. Kò sí àìsàn lára mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí débi pé mo lè dúró ti ìkòkò ọbẹ̀ kí n má rántí bóyá mo ti fi iyọ̀ sí i. Òní ni mo ráyè jókòó, mo sì ní kí n kọ ìwé, nítorí Babáfẹ́mi tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò fi lé ọ lọ́wọ́ ní Ìkirè.

O fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè ìdí tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ bàbá ará Korea tí mò ń tọ́jú, nítorí o mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ó sì ní ọtí nínú. Mo mọ̀ pé ìwọ kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n bá mi fara balẹ̀ kà á dópin.

Bàbá Yun ni mo máa ń pè wọ́n. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ Minji, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ni wọ́n ń gbé, ní ilé kan tí kò jìnnà sí tèmi ní Lilburn níbí. Báńkì ni Minji ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ìgboro Atlanta. Á jáde ní kùtùkùtù, kì í sì í wọlé títí di ìrọ̀lẹ́. Aunty Hephzibah ló mú mi lọ síbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni, òun ló ni agency tó ń fi àwa olùtọ́jú ránṣẹ́ sí ilé àwọn àgbàlagbà.

Oṣù keje ni ìyàwó Bàbá kú. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti kúrò lọ́rọ̀ wọn. Mo máa ń se ìrẹsì bí Minji ṣe kọ́ mi, màá tò ó sórí tírè, màá gbé e síwájú wọn ní pálọ̀. Wọ́n á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì rọra tì í sẹ́yìn. Èmi á lọ jẹ tèmi nínú mọ́tò, nítorí òfin agency ni pé a kò gbọdọ̀ bá ẹni tí à ń tọ́jú jẹun. Tí Minji bá dé, ìdí kọ̀ǹpútà ni òun náà ti máa ń jẹun. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa parí, wàrà inú agolo tí dókítà kọ fún wọn nìkan ni wọ́n ń mu. Ṣòkòtò kò dúró nídìí wọn mọ́. Nọ́ọ̀sì tó wá wọn ìwúwo wọn sọ fún Minji lójú mi pé tí ọ̀sẹ̀ méjì bá tún lọ báyìí, ọsibítù ló kàn, rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ imú ni wọ́n máa fi bọ́ wọn. Minji wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì yẹn wá, òjò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Bàbá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n nàka síta, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan. N kò gbọ́ èdè Korea, Gẹ̀ẹ́sì tiwọn náà kò sì tó nǹkan, nítorí náà mo tẹ ibi tó ń túmọ̀ èdè lórí fóònù mi, mo gbé e sún mọ́ ẹnu wọn. Ohun tó túmọ̀ fún mi ni pé: "Òjò ń rọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, àwa méjèèjì máa ń lọ mu màkólì."

Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ màkólì. Wọ́n ní ọtí ìrẹsì ni. Mo ní, "Bàbá, kò sí ọtí nílé." Ni wọ́n bá dìde. Sìlífátù, ẹni tí mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé dìde lórí àga láti oṣù mẹ́ta, fúnra wọn ni wọ́n dìde, tí wọ́n lọ mú kóòtù wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Mo mọ òfin. Ibi tí kò bá sí nínú ìwé tí agency kọ fún mi, n kò gbọdọ̀ gbé wọn débẹ̀, ká má tíì sọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ó yẹ kí n pe Minji. N kò pè é, nítorí mo mọ̀ pé yóò ní rárá. Mo yẹ ìwé oògùn wọn wò, n kò rí i níbì kan pé kí wọ́n má fẹnu kan ọtí. Mo gbé wọn sínú mọ́tò mi.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún mi. A gba Lawrenceville Highway títí a fi dé ibi tí ṣọ́ọ̀bù tò sí lọ́wọ́ ọ̀tún. Láàárín ilé ìfọṣọ àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, ilé oúnjẹ kékeré kan wà níbẹ̀. Èdè Korea nìkan ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀. Títí di òní, n kò lè pè é. Tábìlì inú rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Obìnrin àgbàlagbà tó ni ibẹ̀ rí Bàbá, ó gbé abọ́ ọtí méjì jáde, ó sì ń wo ẹ̀yìn wọn bí ẹni tó ń retí ẹlòmíràn. Bàbá sọ gbólóhùn kan péré. Obìnrin náà rọra gbé abọ́ méjèèjì kalẹ̀, ó sì jókòó sí àga tó kọjú sí Bàbá.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Abọ́ kéékèèké bíi mẹ́wàá: ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n fi òróró yànmọ̀tí rò, ẹ̀wà tó ti hù, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣúgà dín, kábéèjì oníata tó ti kan, àti àkàrà pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bí àwo, ìyẹ̀fun àti àlùbọ́sà eléwé ni wọ́n fi dín in. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan. Àárín ni gbogbo rẹ̀ wà, kálukú ń nawọ́ sí i. Nínú kẹ́tù kan tó ti tẹ̀ ni ọtí náà wà. Ó funfun bí omi ògì, ó ń hó díẹ̀díẹ̀ bí ẹmu àárọ̀. Wọ́n á rò ó pọ̀ kí wọ́n tó dà á, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ máa ń silẹ̀. Èmi fi ahọ́n kàn án lásán torí mọ́tò tí mò ń wà. Ó dùn, ó sì kan. Bàbá mu ààbọ̀ abọ́, wọn kò béèrè síwájú sí i.

Oúnjẹ ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun já àkàrà yẹn, wọ́n kọ́kọ́ fi sínú abọ́ obìnrin náà. Obìnrin náà mú ẹja wẹ́wẹ́, ó fi sí tiwọn. Bàbá jẹ ẹ́. Wọ́n tún mú òmíràn. Ìgbà tó yá, wọ́n rí mi níbi tí mo jókòó sí lọ́tọ̀ bí ọlọ́dẹ, wọ́n ti abọ́ ẹ̀fọ́ síwájú mi, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì wọn kékeré sọ pé, "Ìwọ náà, jẹ."

Mo jẹun. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń jẹun nínú mọ́tò, pẹ̀lú ike lórí itan, n kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ti fi oúnjẹ síwájú mi. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ata ni. Bàbá jẹ ìrẹsì abọ́ kan tán.

Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé fóònù sínú mọ́tò. Nígbà tí a fi máa jáde, Minji ti pè mí nígbà mẹ́tàdínlógún. Orí ló ń fọ́ ọ níbi iṣẹ́, ó padà sílé lọ́sàn-án, ó bá ilé tó ṣófo. Ó pe Aunty Hephzibah, òun náà kò mọ ibi tí mo wà. Nígbà tí a dé, Minji dúró níta nínú òjò láìwọ kóòtù, ó ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó gbọ́ òórùn ẹnu wọn, ó yíjú sí mi.

"Miss Bridget, ṣé ọtí lẹ fún bàbá mi?"

"Díẹ̀ ni. Wọ́n jẹun, Minji. Wọ́n jẹ ìrẹsì tán."

"Mo rò pé wọ́n ti kú ni. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì ti kú sójú títì."

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo mú báàgì mi, mo jáde. N kò tíì dé ilé tí Aunty Hephzibah fi pè.

"Bridget, ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba license mi ni? Mo ti gbọ́ pé ó jẹun. Ká ní ó ṣubú ńkọ́? Ká ní mọ́tò kọlù yín ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma. Ẹ̀bi mi ni."

"N kò lè fi ọ́ síbẹ̀ mọ́. Ìyá kan ní Ellenwood ni mo ní, tó o bá fẹ́ ẹ."

Mo fẹ́ ẹ, nítorí kò sí ohun mìíràn. Sìlífátù, ọ̀nà Ellenwood yẹn ló ń jẹ egungun mi. Àlọ àti àbọ̀, wákàtí méjì lójoojúmọ́ lórí òpópónà 285, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ga ju ilé lọ. Ìyá tí mò ń tọ́jú níbẹ̀ kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀, á béèrè ẹni tí mo jẹ́, lọ́sàn-án, á tún béèrè.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn ni Minji pè mí. Mo rò pé ilé ẹjọ́ ló fẹ́ gbé mi lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní òun ra ọtí ìrẹsì náà ní ọjà àwọn ará Korea, òun sì ra àwọn oúnjẹ abọ́ kéékèèké náà, òun tò ó sórí tírè fún bàbá òun. Wọn kò fọwọ́ kàn án.

"Ibo lẹ gbé wọn lọ gan-an?" ló béèrè.

"N kò mọ orúkọ ẹ̀. Tó o bá ti rí ilé ìfọṣọ lọ́wọ́ ọ̀tún, tó o sì rí ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, àárín wọn ni."

Ó ní, "Lilburn ni mo dàgbà sí. N kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì máa ń lọ síbì kankan."

"Minji, kì í ṣe ọtí yẹn. Má gbé e ka tírè mọ́. Jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ jọ jẹ ẹ́."

Ó ní kí n bá àwọn lọ ní Sátidé. Ká sọ òótọ́, oorun ni mo ti fi ọjọ́ náà sí. Ẹsẹ̀ mi wú, bàtà kò wọ̀ ọ́. Mo wọ sálúbàtà, mo lọ. Minji jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Ìgbà tí àkàrà dé ni Bàbá sọ fún un pé táyà ni àwọn wá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn débẹ̀, pé òjò ká àwọn mọ́ ibẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní kí àwọn kàn wọlé títí yóò fi dá. Minji túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ló bá ń sunkún, bàbá rẹ̀ sì ń fi ẹ̀fọ́ sínú abọ́ rẹ̀ láìdúró.

Wọ́n ti ń lọ ní gbogbo Sátidé báyìí. Nọ́ọ̀sì tún wá, kò dárúkọ rọ́bà mọ́. Minji bẹ Aunty Hephzibah pé kó dá mi padà, ó kọ̀, n kò sì bá a jà. Ní Sátidé àná, orí àga ni mo sùn sí níwájú wọn, ẹnu mi là sílẹ̀. Wọn kò jí mi. Nígbà tí mo lajú, kóòtù Bàbá wà léjìká mi, ìpín tèmi nínú àkàrà náà sì wà nínú abọ́, wọ́n fi àwo dé e.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe, òun ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. O mọ̀ pé Ìyá Shittu, aládùúgbò wa, ló ń bá mi se oúnjẹ fún Màmá mi. Ó ń ṣe dáadáa, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń gbé e lọ, á gbé e kalẹ̀, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún mi pé Màmá kì í jẹ ju òkèlè méjì lọ mọ́, pé ọjọ́ ogbó ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí mo ti rí wọn gbẹ̀yìn. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá kúrò níhìn-ín, n kò lè wọlé mọ́.

Bá mi lọ sọ́dọ̀ wọn, Sìlífátù. Má ra nǹkan kan dání. Lọ ní àsìkò oúnjẹ, fọ ọwọ́ rẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ti ọwọ́ bọ inú abọ́ kan. Bí wọ́n bá mú ẹran tiwọn fi sí ọ̀dọ̀ rẹ, má kọ̀ ọ́. Jẹ ẹ́ lójú wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Tasneem. Kí gbogbo àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ fún mi. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún ojú ara wa rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré ni mí,

Bridget