Oògùn Tó Ń Dín Kù Lójú Ọ̀nà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó máa ń dùn ọ́ ti jáwọ́ lára rẹ? Iṣẹ́ tí o dì mú kò ní jó ọ lọ́wọ́. Èmi náà wà, àfi èémí tó ń tán mi nínú bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ olè ni, n kò fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́ ọ.

Dókítà ibí túmọ̀ lẹ́tà tí o kọ sí i fún mi. Ó ní inú ẹran ọkàn èèyàn kún fún ààrò wínníwínní, àwọn ló ń sun oúnjẹ di agbára, oògùn tí ẹ̀yin ń sè níbi iṣẹ́ yín á sì lọ bá èyí tí iná rẹ̀ ṣì ń jó, ẹ̀rọ á máa rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti ìta. N kò rí èéfín jáde lẹ́nu mi rí, ṣùgbọ́n mo gbà, torí ìwọ lo sọ ọ́.

Ibi tí ara ti fu mí ni pé ó ní oògùn yẹn máa ń dín kù sí ìdajì kí wákàtí méjì tó pé, bí wọ́n tilẹ̀ dé e mọ́nú irin. Mo bi í pé ta ló ń gbé e wá. Ó ní dírẹ́bà ni. Mo ní ó ti tán. Ó ní rárá o, Màmá, kò sẹ́ni tó ń bù ú, fúnra rẹ̀ ló ń kú. Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta kẹrosíìnì. Dírẹ́bà tèmi náà máa ń ní oòrùn ló fà á gbẹ, àfìgbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ yẹn ni oòrùn jáwọ́. Dókítà tún ní èèyàn kì í jókòó ti oògùn náà pẹ́. Ta ló ṣe òfin yẹn bí kì í bá ṣe dírẹ́bà?

Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ọkàn tí o ní kí n fọwọ́ sí wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Dókítà ní bí n kò bá tètè wá síbi ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ yín, àwọn kò ní mọ èyí tí àwọn lè tọ́jú nínú ọkàn mi kó tó kú pátá. Mo gbọ́. Màá wá, ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o gbé oògùn náà wá fúnra rẹ. Ìwọ nìkan ni n kò ní yẹ ìgò rẹ̀ wò.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó o sì fi ti ṣọ́ọ̀kì kún un. Bí ẹ̀rọ bá rí i pé ìdajì iná ló kù nínú ọkàn mi, ẹ má wá olè kankan. Ọjọ́ tí o wọ mọ́tò kúrò nílé ni ìdajì yẹn ti bá ọ lọ. Ọlọ́run á máa koná mọ́ tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ jẹ rí lẹ́ẹ̀mejì.