Ìyá Mi, Nípa Ọ̀rọ̀ Ẹbùn Tí Kò Tíì Dé

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú atẹ́gùn, ẹ kú ariwo omi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù ju ohun tí ènìyàn ń fàyà lé lọ. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó dúró tì yín láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Mo kí Mórẹ́nikẹ́, ìyàwó àbúrò mi. Mo kí gbogbo ará Araròmí, àwọn tó ṣì wà létíkun àti àwọn tí òkun ti lé lọ sókè. Mo mọ̀ pé tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, nítorí ìyá tó ń wo òkun bí ẹ ṣe ń wò ó pọ̀ lágbègbè wa.

Ara mi le, mo ń jẹun. Yìnyín ti bo ẹnu ọ̀nà mi, ṣọ́bìrì ni mo fi ń gbá ilẹ̀ kí n tó ráyè jáde. Ẹja tí wọ́n ń tà níbí kò ní orí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rà á, mo dá rẹ́rìn-ín nínú ilé nítorí mo mọ ohun tí ẹ̀ bá sọ. Ìdánìkanwà ló ń dùn mí. Mo lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi kí n sì padà dé láìsí ẹni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ má ronú lórí ìyẹn.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan, èmi sì ń ròyìn òtútù fún yín. Ẹ mọ̀ pé mo ń sá ni. Ẹ ní ẹbí ti pàdé, wọ́n fẹ́ ṣe ìsìn ìkẹyìn fún Ẹbùn àbúrò mi, kí wọ́n sì kó yín lọ sí Igbókọ̀dá kí òkun tó ti ilé ìdáná wọ yàrá. Ẹ ní ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín kò kú, pé kò tíì dé ni, àti pé bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò fi ọ̀nà ilé hàn án. Ẹ wá ní ohun tí èmi Akin bá fi ẹnu ara mi sọ ni ẹ ó ṣe. Ìyá mi, ẹ gbé ẹrù lé mi lórí o. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí rí, mo ya á. Kí ẹ tó gbọ́ èsì mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ẹ mọ̀ pé kóòdù ni mo ń kọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nísinsìnyí, a kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ fúnra wa mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe ènìyàn, inú ẹ̀rọ ni wọ́n wà. Ẹ ó rán wọn níṣẹ́, wọn ó kọ kóòdù náà, wọn ó sì gbé e bọ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ènìyàn kan lè rán márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Wàhálà ibẹ̀ ni kí ènìyàn mọ èyí tó wà níbo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe oríṣiríṣi áàpù tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà láti fi darí wọn. Ọ̀gá mi kó mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lò wọ́n, kí n sọ èyí tí ilé iṣẹ́ yóò mú.

Àkọ́kọ́ rẹwà lójú. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló tò sójú kan, olúkúlùkù nínú àpótí tirẹ̀, ẹ ó máa rí i bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé wìtìwìtì. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára ẹ̀rọ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti gbó ṣe ń mu epo, kọ̀ǹpútà mi a gbóná débi pé mo lè fi yáná. Kì í sì í fún wọn ní ibi iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; méjì a wọ inú fáìlì kan náà, wọn a ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Èkejì kò ní ariwo. Ó ń fún olúkúlùkù ní ẹ̀dà iṣẹ́ tirẹ̀, kì í pe ènìyàn àfi bí ọ̀kan bá ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ kan bá dákẹ́ pẹ́, áàpù náà a kàn pa á rẹ́ pẹ̀lú ohun tó ti ṣe, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi fẹ́ràn ìyẹn, ó ní ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀kẹta náà ń ya ibi iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀, ó sì ń fi gbogbo ohun tí wọ́n yí padà hàn ní ìlà dé ìlà, pupa fún èyí tí wọ́n yọ, àwọ̀ ewé fún èyí tí wọ́n fi kún un. Èyí tó bá dákẹ́, kò ní pa á rẹ́. Yóò wà níbẹ̀ títí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi pa á dé.

Mo kọ ọ́ sínú àbọ̀ mi pé ẹ̀kẹta ló dára jù, mo sì ṣàlàyé bí ọ̀mọ̀wé. N kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi, n kò kọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo rán nínú ẹ̀kẹta yìí dákẹ́. Mo ní kó tún ojú ewé tí àwọn oníbàárà fi ń sanwó ṣe. Ó lọ, kò bọ̀. Àyè kékeré kan wà tí a ń kọ àkíyèsí sí. Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Ọwọ́ mi kọ “kò tíì dé.” Ẹ mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Létíkun wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ọkọ̀ sọnù. Oòrùn ìbáà wọ̀, oṣù ìbáà lé, kò tíì dé ni. Mo rán òṣìṣẹ́ mìíràn, ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, a sì ti ń lò ó. Síbẹ̀ n kò pa ti àkọ́kọ́ dé. Láràárọ̀ ni mo ń wò ó.

Lọ́jọ́ kan, mo tún tan kọ̀ǹpútà, ó ta jí. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ní òun ti ṣe tán. Ìyá mi, inú mi dùn débi pé mo kígbe. Áàpù ń kìlọ̀ fún mi pé nǹkan ti yí padà lẹ́yìn rẹ̀, mo kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá, mo gbà á wọlé. Iṣẹ́ àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀, oníbàárà kankan kò sì lè sanwó títí di ọ̀sán.

Mína, obìnrin ará Íńdíà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló bá mi tún un ṣe. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Mo sọ ti Ẹbùn fún un: pé ó dá nìkan wọ ọkọ̀ lọ yẹ àwọ̀n wò láàárọ̀, pé ojú ọ̀run yí padà, pé Bàbá Kékeré àti àwọn apẹja yòókù wá a dé Ayétòrò, wọn kò rí pátákó ọkọ̀ kan. Mína kò kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ó po tíì wá, ó jókòó tì mí. Nígbà tó yá, ó ní ó yẹ kí n pa àpótí òṣìṣẹ́ náà dé, òun kò sì ní bá mi ṣe é. Bọ́tìnnì kékeré kan ni. Ó pẹ́ kí n tó lè tẹ̀ ẹ́.

Ẹ dárí jì mí tí mo ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ẹ̀rọ kò ní ìyá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo ti mọ̀ pé Ẹbùn kò ní bọ̀, ẹ̀yin náà sì ti mọ̀ ọ́n. Mo ń bẹ̀rù pé bí ó bá ti ẹnu mi jáde, yóò dà bí ẹni pé èmi ni mo pa á.

Ẹ ní kò ní mọ ọ̀nà bí ẹ bá kúrò. Ìyá mi, etíkun tí Ẹbùn ti gbéra lọ ti wà nínú omi. Ibi tó ń so ọkọ̀ mọ́ kò sí mọ́. Ẹ wá jókòó ti òkun, ẹ ń dúró dè é níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò ní dá mọ̀. Mórẹ́nikẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọn kò pè é ní aya, wọn kò pè é ní opó, kò sì lè sunkún nítorí ó ń bẹ̀rù kí ẹ má rò pé ó ń ṣépè fún ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sunkún.

Èsì mi rè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn náà. Ẹ bá Bàbá Kékeré lọ sí Igbókọ̀dá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló sọ ọ́, ẹ ní Akin ni, kó wà lọ́rùn mi. N kò lè wá, nítorí ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, ó sì ń dùn mí wọra. Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ náà. Orin tí ẹ bá kọ níbẹ̀, mo máa kọ ọ́ níbí.

Ilé iṣẹ́ ti mú áàpù kejì, èyí tó ń pa wọ́n rẹ́ fúnra rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún mi. Ilẹ̀ tí ẹ ń lọ yóò gbà yín, oorun yóò kùn yín níbẹ̀. Ojú yín kò ní tún rí irú èyí mọ́. Ẹ bá mi di Mórẹ́nikẹ́ mú, ẹ bá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé.

Èmi ni Akin, ọmọ yín kan ṣoṣo tó kù.