Ejò Tí Yóò Yọ Bàbá Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràímì

Ilé wa, Ọ̀fà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 1991.

Bùọ̀dá Olúyẹmí, èmi Àdìkẹ́ àbúrò yín ni mò ń kọ ọ́, Ìyá ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tiwọn rèé:

Olúyẹmí ọmọ mi, ṣé o jí ire? Ṣé ìwé ò tíì dà ọ́ lórí rú ní Èkó níbẹ̀? Ọlọ́run tó ń mú rélùwéè dé Ọ̀fà láì já sí kòtò, òun ni yóò mú ọ dé ibi tó ò ń lọ. Gbogbo wa wà láàyè. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, Àdìkẹ́ sì tún ń bínú, a ò mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè mọ ibi tí nǹkan kan parí sí nínú fọ́tò àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, o ní ọgbọ́n físíìsì ni. O ní ẹ máa ń ka fọ́tò sí ilẹ̀ olókè àti àfonífojì, ẹ ó da omi sí i láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi méjì bá ti fẹ́ pàdé, ẹ ó mọ odi síbẹ̀, odi yẹn sì ni ààlà. O tún ní ẹ ní ejò kan tó ń fà bíi rọ́bà, tó máa ń ká ènìyàn mọ́ tí yóò fi yọ ọ́ láàárín àwọn tó kù. Ọmọ mi, ta ló ń bọ́ ejò yẹn? Ṣé wọ́n ti yọ eyín rẹ̀? Máa wọ bàtà wọ kíláàsì.

Ṣùgbọ́n inú mi dùn, torí ìrántí ọdún mẹ́wàá ikú bàbá rẹ ń bọ̀ ní Nòfẹ́ńbà, ṣọ́ọ̀ṣì sì fẹ́ fọ́tò òun nìkan fún ìwé ètò ìsìn. O mọ̀ pé ẹyọ kan ló yà láyé ẹ̀, níwájú ibùdókọ̀ rélùwéè, tí Ràímì ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká bí ẹni tó fẹ́ rà á. Àdìkẹ́ máa fi í sínú lẹ́tà yìí. Jẹ́ kí ejò yọ bàbá rẹ nìkan. Kó rọra níbi fìlà, o mọ̀ pé bàbá rẹ kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan fìlà òun. Kí iṣẹ́ lè yá, mo ti ní kí Àdìkẹ́ da omi díẹ̀ sí i láti apá ẹsẹ̀, bí o ṣe kọ ọ́. Ó ní ó ti ṣiṣẹ́, ojú mi ni ò ríran tó.

Fi owó kẹrosíìnì ránṣẹ́, kí o fi ti jígí ojú kún un. Ejò ìwé ò ní bù ọ́ jẹ. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́n ènìyàn ká, wọn ò ní fọ́n ọ nù.

Èmi ìyá rẹ, Susannah.

Èmi Àdìkẹ́ ló kù níbí o, Ìyá ti lọ sí ìpàdé ìyá ìjọ. Bùọ̀dá, mo ti ṣẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ife omi kan ni wọ́n ní kí n dà sí fọ́tò náà. Wọn ò jẹ́ kí n lọ wo eré ìdárayá iléèwé, ni mo bá fi ìbínú da odindi kẹ́tùlù, omi rẹ̀ sì gbóná. Ojú Bàbá bó lọ. Bàbá Ràímì ọ̀rẹ́ wọn nìkan ló kù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àṣírí mi pé mo ti pa Bàbá lẹ́ẹ̀kejì, pé kò sí ọmọ burúkú tó tó mi ní gbogbo Kwara.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Ojoku, níbi tí Bàbá Ràímì ń gbé látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀dà fọ́tò yẹn, àmọ́ Àlájà Ràfátù, ìyàwó wọn, ti gé tiwọn sí méjì nígbà tí wọ́n nílò fọ́tò fún ìwé ìrìnnà Mẹ́kà. Àlájà ní kí ni èèyàn ń fi ejò ṣe, ṣé sísọ́ọ̀sì ti tán lọ́jà Èkó ni? Wọ́n wá yọ apá tó kù látinú agolo mílíìkì.

Bàbá wa ló wà nínú lẹ́tà yìí, àwọn nìkan, fìlà ò fara pa. Ìka mẹ́rin Bàbá Ràímì ló ṣẹ́ kù léjìká wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Ìyá pé ẹ̀rọ yín ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ejò dé ibi ìka yẹn o. Bàbá Ràímì ní kí ẹ fi í síbẹ̀, pé àwọn ò tíì gbọ́wọ́ kúrò léjìká ọ̀rẹ́ àwọn.

Àbúrò yín,
Àdìkẹ́.