Ẹni Tó Máa Ń Gbé E Balẹ̀

Ore, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Mo gbé bàlúù fóòmù kékeré onírìmóòtù tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe jáde lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti kú. Apá lásán ni, kò nírù, ẹ̀yìn ni fáànù rẹ̀ wà. Òun ló máa ń jù ú, màá wà á díẹ̀, òun á sì gba rìmóòtù láti gbé e balẹ̀.

N kò mọ ẹnìkan níbí. Mo bẹ ọlọ́kadà kan kó bá mi jù ú.

"Ọmọ iléèwé, fáànù ẹ̀yìn yìí ò ní gé mi lọ́wọ́?"

"Ẹ jù ú ná. Tó bá kúrò lọ́wọ́ yín ni màá tó tàn án."

Ó gbéra dáadáa. Nígbà tó yẹ kó balẹ̀, mo na rìmóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ta lò ń nà án sí?"

Bàlúù já sínú oko ọ̀pẹ. Ọlọ́kadà náà bá mi wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́.